Irin Náà Ni Wáyà

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí bàbá àgbàlagbà kan bá papò dà, tí àwọn ọmọ gun àkàbà lọ sókè àjà láti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, wọ́n sábà máa ń bá páálí kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Ẹ́ńjìnnì rélùwéè ìṣeré ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi bébà ìròyìn wé. Irin rẹ̀ wà ní ìdì-ìdì lábẹ́, àpótí dúdú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ní ohun yíyí bíi ti rédíò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ á to irin náà ká sórí tábìlì, á gbé ẹ́ńjìnnì lé e, á ki wáyà bọ ògiri, á yí ohun yíyí náà. Ẹ́ńjìnnì ò mira. Wọ́n á ní ó ti kú. Bó ṣe padà sínú páálí nìyẹn, tàbí kí wọ́n tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá béèrè.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò kú. Iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ó ti kú" yẹn ti sọ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó lè sáré di ohun tí wọ́n tò sínú gíláàsì fún àlejò láti máa wò, ohun tó sì fà á ni pé ojú ọ̀nà ni àwọn èèyàn fi ń wo irin náà. Irin rélùwéè ìṣeré kì í ṣe ọ̀nà lásán. Wáyà ni. Orí wáyà tó ń fún un lóúnjẹ ni ọkọ̀ náà ń rìn.

Àpótí dúdú yẹn ò yẹ kó tún rí ojú ògiri mọ́. Rọ́bà tó bo wáyà àtijọ́ máa ń gbẹ, á sì máa sán bí èèpo ẹ̀pà, bẹ́ẹ̀ volt 230 ló wà nínú ògiri ilé wọn níbẹ̀. Kí wọ́n ra tuntun tó ń mú volt 12 jáde. Ó tán síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, rúlà ló kàn. Wọ́n á wọn àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì, láti ikùn ọ̀kan sí ikùn èkejì. Bó bá jẹ́ mìlímítà 32, lẹ́tà O ni wọ́n fi ń pe ìwọ̀n náà, 9 ni N, 16.5 ni OO, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú páálí àwọn ará Britain. Frank Hornby, ará Liverpool tó dá Meccano sílẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta rélùwéè ìṣeré tí wọ́n ń yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bíi ti aago ní 1920. Òun ti kú nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé Hornby Dublo, onímìlímítà 16.5, jáde ní 1938. Lẹ́yìn ogun, Tri-ang dé láti bá wọn du ọjà, nígbà tó sì di 1964, ẹni tó ni Tri-ang ra Meccano. Ìdí nìyẹn tí orúkọ mẹ́ta fi lè wà nínú páálí ẹnì kan ṣoṣo.

Mìlímítà 16.5 yẹn fúnra rẹ̀ ní ìtàn tó ń pani lẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n dín rélùwéè kù sí ìdá kan nínú 87, irin àti ọkọ̀ sì bá ara wọn mu. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gidi tẹ́ẹ́rẹ́ ju tiwọn lọ, nítorí náà bí wọ́n ṣe dín in kù tó bẹ́ẹ̀, mọ́tò ìgbà náà, ìyẹn ohun tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ò wọ inú rẹ̀ mọ́. Ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá mú ara ọkọ̀ tóbi sí i, wọ́n ṣe é ní ìdá kan nínú 76, wọn ò sì fọwọ́ kan irin. Ẹni tó bá fi 76 sọ 16.5 di púpọ̀ á rí mìlímítà 1,254. Irin Gẹ̀ẹ́sì gidi jẹ́ 1,435. Irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1901 jẹ́ 1,067. Ọkọ̀ OO ń rìn lórí irin tí kò sí ní Britain, tí kò sì sí l'Ékòó: àgbàlagbà tó wọ bàtà ọmọdé ni. Láti ìgbà yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ò tún un ṣe.

Nínú ètò onírin méjì, irin kan ni pọ́sítíìfù, èkejì ni négétíìfù. Iná á gba irin kan gun ẹsẹ̀ ọkọ̀, á gba inú mọ́tò kọjá, á sì gba ẹsẹ̀ òdìkejì sọ̀ kalẹ̀. Bí irin tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ pọ́sítíìfù, ẹ́ńjìnnì á lọ síwájú. Ó dáa. Ẹ wá gbé e sókè, ẹ yí i kí imú rẹ̀ kọjú síbi tí ìdí rẹ̀ kọjú sí tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e padà sórí irin. Ọ̀pọ̀ á rò pé ibi tí imú rẹ̀ kọjú sí ló máa gbà. Rárá o. Bó bá jẹ́ apá fèrèsé ló ń lọ tẹ́lẹ̀, apá fèrèsé náà ló máa tún forí lé, ìdí ló kàn máa fi rìn lọ síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò mọ iwájú, kò mọ ẹ̀yìn. Irin ló ń sọ fún un pé "fèrèsé" tàbí "ilẹ̀kùn".

Ẹ wo Dublo ti 1938 báyìí. Irin mẹ́ta ló ní: iná ń gba ti àárín wọlé, ó ń gba ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jáde. Àwọn tó rí i lónìí máa ń yínmú sí i, pé rélùwéè gidi kì í ní irin àárín. (Ó dájú pé wọn ò tíì wo ilẹ̀ dáadáa nínú Underground, rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ìlú London.) Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí ẹ́ńjìnnì Dublo padà, ibi tí imú rẹ̀ kọjú sí ló máa gbà, torí pé irin àárín ò ní ọ̀tún, kò sì ní òsì. Ọmọdé lè tẹ́ irin rẹ̀ bí okùn tí wọ́n ta ní ojóbó, kí ọkọ̀ lọ yípo kó tún gba ojú irin tó bá lọ padà wálé, láìsí wàhálà kankan. Ẹni tó bá dán irú rẹ̀ wò lórí irin méjì á rí i pé irin ọ̀tún á yí wá kan irin òsì, pọ́sítíìfù á kan négétíìfù, iná á bíríìjì. Onírin mẹ́ta ló gbọ́n jù. Onírin méjì kàn jọ ti gidi ju òun lọ ni. Hornby Dublo náà tẹ̀ lé ẹwà ní 1959, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe onírin méjì. Märklin ti Jámánì ò gbà: ó fi ìṣó kéékèèké rọ́pò irin àárín, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì Dublo onírin mẹ́ta kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé lé irin méjì ti òde òní. Irin kan náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kò sí ohun tó pín wọn níyà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa so pọ́sítíìfù pọ̀ mọ́ négétíìfù.

Àṣìṣe kejì máa ń wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tó fẹ́ ṣèrànwọ́. Ọ̀rẹ́ náà ní rélùwéè tuntun tó ń lo DCC (Digital Command Control, ọ̀nà tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lórí irin kan náà), ó ní kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì bàbá wá síbẹ̀ kí àwọn wò ó. Ẹ́ńjìnnì á máa kùn bí oyin, kò ní rìn, ara rẹ̀ á sì máa gbóná. Láti mọ ohun tó fà á, ẹ jẹ́ ká lọ sóde àríyá.

Bí onígángan bá wọ àárín òde, gbogbo àlejò ló ń gbọ́ ìlù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fi ìlù ki ẹnì kan, tó pe orílẹ̀ rẹ̀, ẹni yẹn nìkan ló máa dìde, tó máa tún aṣọ ṣe, tó máa nọ́wọ́ sápò. Àwọn yòókù jókòó, wọ́n ń jẹ mọ́ínmọ́ín wọn. Bí DCC ṣe ń ṣe nìyẹn. Nọ́ńbà ni oríkì ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan (3 ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún un ní ilé iṣẹ́), irinṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní decoder sì ni etí rẹ̀. Ìlù dún pé "3, máa rọra lọ síwájú", gbogbo ẹ́ńjìnnì gbọ́, 3 nìkan ló dáhùn. Ohùn gángan lè lọ sókè, kó sọ̀ kalẹ̀, kó wà láàárín. Ìlù DCC ò ní ju ìró kúkúrú àti ìró gígùn lọ. Iná á kọjú sí apá kan, á tún kọjú sí apá kejì, bí èèyàn bá sì pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù, 58 nínú rẹ̀ ni iná ń lò ní apá kọ̀ọ̀kan fún ìró kúkúrú. Ti gígùn á tó 100 ó kéré tán. Onílù náà kì í sinmi, torí pé ẹ́ńjìnnì lè wà lórí ibi tó dọ̀tí lórí irin kó má gbọ́ ti àkọ́kọ́, nítorí náà ó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ ṣáá. Èyí tó wá ya èèyàn lẹ́nu jù ni pé ìlù náà ni oúnjẹ. Iná tó ń sọ̀rọ̀ yìí náà ni decoder ń gbà, tó ń tò, tó sì ń bù fún mọ́tò. Ibi tí àfiwé yìí fi mí sílẹ̀ nìyẹn, nítorí kò sí onígángan tó ń fi ìlù bọ́ àlejò.

Ẹ́ńjìnnì bàbá ò ní etí. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ mọ́tò rẹ̀ ni "síwájú, sẹ́yìn, síwájú, sẹ́yìn", ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò lè lọ síbì kankan, bẹ́ẹ̀ iná ń wọlé. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, wáyà bàbà tí wọ́n ká sínú mọ́tò lè jóná. Ìgbà yẹn gan-an ló máa kú, ọ̀rẹ́ rere ló sì máa pa á.

Bí irin bá ti jẹ́ irú tirẹ̀, tí volt 12 sì wà lórí rẹ̀, tí kò ṣì mira, ìdọ̀tí ló kù láti fura sí. Ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti fara kan irin kéré púpọ̀, ibẹ̀ nìkan sì ni iná ní láti gbà. Bí nǹkan dúdú bá bo ibẹ̀, iná á máa fò ó, á máa ta pàrà, títa pàrà yẹn á sì tún máa fi dúdú kún dúdú. Ọtí isopropyl tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn ni kí wọ́n fi rin òwú, kí wọ́n fi nu irin àti ẹsẹ̀, kó má kan ọ̀dà ara ọkọ̀. Sáńpépà ni ọ̀tá. Lójú ẹsẹ̀, irin á máa dán, wọ́n á ní ó ti mọ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kún fún ilà kéékèèké, inú àwọn ilà yẹn sì ni ìdọ̀tí tuntun máa sá sí, tí òwú ò ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Epo ni ìdènà kejì. Epo tí bàbá fi sí i ní ogójì ọdún sẹ́yìn ti gan, ó ti di gọ́ọ̀mù sára irin tó ń yí. Àwọn télọ̀ á mọ ohun tí à ń sọ: máṣíìnì tí wọn ò lò fún ọdún mélòó kan kì í tètè yí. Wọ́n á nu ti àtijọ́ kúrò, wọ́n á fi orí abẹ́rẹ́ fi ẹ̀kán epo máṣíìnì kan sí ibi tí irin ti ń yí nínú irin. Ẹ̀kán kan. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á ṣàn dé ibi tí kábọ́ọ̀nù méjì ti ń fún òrùka bàbà ní iná, epo àti lẹ́búlẹ́bú kábọ́ọ̀nù á pò di ẹ̀kọ dúdú, ẹ̀kọ náà á sì dí àlàfo tó pín òrùka náà.

Àìsàn kan ṣoṣo ni kò ní oògùn. Nínú sínkì tí wọ́n dà ṣe ara àwọn ẹ́ńjìnnì kan láyé ìgbà 1930, òjé díẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, irú irin bẹ́ẹ̀ á wú, á sán, á sì máa rún bí kókóró tó gbẹ jù. Ẹni tó bá rí ìsán bẹ́ẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì ò gbọdọ̀ fipá tú u.

Fún àwọn yòókù, bátìrì volt 9 á parí ẹjọ́, irú èyí tó ń wà nínú máìkì ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á dojú ẹ́ńjìnnì bolẹ̀ sórí táwẹ́ẹ̀lì, wọ́n á fi wáyà méjì gbé iná láti ibẹ̀ lọ sórí kábọ́ọ̀nù méjèèjì tààrà, láìgba irin, láìgba ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ gbọ̀n. Wọ́n á fi ọwọ́ rọra tì í. Yóò yí lẹ́ẹ̀kan, yóò dúró, yóò tún yí, òórùn epo gbígbóná á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.