Owó wúrà ọdún 1933: kí ló dé tí ẹyọ kan pa $18.9 mílíọ̀nù, tí mẹ́wàá mìíràn sì di ti ìjọba?

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé gbàǹjo Sotheby's ní New York ta ẹyọ owó wúrà Amẹ́ríkà kan ní $18,872,250. Ogún dọ́là ni iye tó wà lára owó náà. Bí ìròyìn yìí ṣe ń tàn kálẹ̀ ni àwọn kan gbé ìròyìn ilé ẹjọ́ kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: ìdílé kan ní Philadelphia ní mẹ́wàá irú owó yìí kan náà, ìjọba sì gba mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́wọ́ wọn láìsan kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, àwọn mìíràn sì ti ń tú àpótí ìyá àgbà wò. Àwọn ìbéèrè tí a sábà máa ń gbọ́ àti ìdáhùn wọn rèé.

Owó wo gan-an ni?

Owó wúrà $20 tí wọ́n ń pè ní double eagle ni. Augustus Saint-Gaudens, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà, ló ya àwòrán ara rẹ̀, ọdún 1907 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́. Obìnrin tó gbé ògùṣọ̀ lọ́wọ́ wà lójú kan, ẹyẹ idì tó ń fò lókè oòrùn wà lójú kejì. Ó wọn gíráàmù 33.44, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 34. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ wúrà, ìyókù jẹ́ bàbà.

Ṣé wúrà inú rẹ̀ ló gbówó lórí tó báyẹn?

Rárá. Wúrà inú rẹ̀ kò tó áúnsì kan. Èyí tí wọ́n rọ ní Philadelphia lọ́dún 1924 wọn iye kan náà, wúrà kan náà ló sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n iye wúrà náà àti owó díẹ̀ lé e ni wọ́n ń tà á, torí ó pọ̀ lọ́jà.

Kí ló wá sọ ti 1933 di ọ̀wọ́n?

Kì í ṣe pé wọ́n rọ díẹ̀. Ilé ìrọwó ìjọba ní Philadelphia rọ 445,500. Àmọ́ ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, àwọn aráàlú sì ń kó wúrà pamọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 1933, Ààrẹ Franklin Roosevelt pàṣẹ pé kí wọ́n kó wúrà ọwọ́ wọn wá sí báǹkì. Owó tuntun wọ̀nyí kò jáde síta rárá. Inú yàrá ìṣúra ni wọ́n wà títí di 1937 tí wọ́n fi yọ́ wọn. Méjì péré ni ìjọba fọwọ́ ara rẹ̀ dá sí, fún ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian.

Nǹkan bí ogún sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Àwọn olùwádìí fura sí akápò ilé ìrọwó, wọ́n sì tọpa àwọn owó náà dé ọ̀dọ̀ Israel Switt, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ ní Philadelphia. Lọ́dún 1944, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ẹyọ kan lọ sí gbàǹjo, oníròyìn kan béèrè lọ́wọ́ ilé ìrọwó pé mélòó ló ti jáde. Ìwé wọn fi hàn pé kò sí ìkankan. Láti ìgbà náà ni Secret Service, àwọn agbófinró ìjọba Amẹ́ríkà, ti ń gba èyí tí wọ́n bá rí, tí ìjọba sì ń yọ́ wọn.

Bí gbogbo wọn bá jẹ́ owó jíjí, báwo ni ẹyọ kan ṣe bófin mu?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Ẹ̀bi òṣìṣẹ́ ìjọba ló gba ẹyọ yẹn là. Farouk, ọba Íjíbítì, ra ọ̀kan ní 1944, àwọn aṣojú rẹ̀ sì gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ ìṣúra Amẹ́ríkà láti gba ìwé àṣẹ kí wọ́n lè gbé e jáde nílẹ̀ náà. Wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì. Ní oṣù Kẹta ni oníròyìn yẹn béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ìwé ti jáde, owó ti lọ.

Wọ́n lé Farouk lórí oyè ní 1952. Nígbà tí Sotheby's ń ta ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo ní Cairo ní 1954, Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yọ owó náà kúrò. Wọ́n yọ ọ́, ó sì pòórá. Ní 1996, àwọn ọlọ́pàá mú oníṣòwò ará Gẹ̀ẹ́sì kan ní òtẹ́ẹ̀lì Waldorf Astoria ní New York níbi tó ti fẹ́ ta ọ̀kan. Wọ́n gbà gbọ́ pé ti Farouk ni, ìwé àṣẹ 1944 sì dí wọn lọ́nà nílé ẹjọ́. Ní 2001 wọ́n parí ẹjọ́ náà: kí wọ́n tà á, kí wọ́n pín owó rẹ̀ sí méjì dọ́gba. Ó pa $7,590,020 ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2002. Ogún dọ́là tó wà lẹ́yìn yẹn ni owó tí wọ́n san fún ìjọba kí ẹyọ náà tó lè di owó tí ìjọba ná síta lábẹ́ òfin.

Ní ti mẹ́wàá yẹn, ọmọ Switt obìnrin ló rí wọn nínú àpótí báǹkì. Ní 2004, ìdílé náà kó wọn fún ilé ìrọwó láti yẹ̀ wọ́n wò bóyá ojúlówó ni. Ilé ìrọwó ní ojúlówó ni, kò sì dá wọn padà. Agbẹjọ́rò ìdílé náà ní ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fi owó wúrà àtijọ́ pààrọ̀ tuntun lójú fèrèsé ilé ìrọwó kí àṣẹ Roosevelt tó jáde. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìrọwó kò ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá ìjọba láre ní 2011, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì kọ̀ láti gbọ́ ọ ní 2017.

Nítorí náà, ẹni tó san $18.9 mílíọ̀nù ra ìwé ju wúrà lọ.

Ta ló tà á ní 2021?

Stuart Weitzman, ẹni tó ń ṣe bàtà obìnrin. Òun ló rà á ní 2002.

Ṣé tí ìwé bá ti wà, ọkàn èèyàn lè balẹ̀?

Kò lè balẹ̀ bí ìwé náà bá jẹ́ ayédèrú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, wọ́n ta owó wúrà Brutus, ọ̀kan lára àwọn tó pa Julius Caesar, ní gbàǹjo kan ní London. Ọdún 42 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n rọ ọ́: orí Brutus lójú kan, fìlà kan láàárín ọ̀bẹ méjì lójú kejì, pẹ̀lú lẹ́tà EID MAR, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n pa Caesar ní oṣù Kẹta. Àpapọ̀ owó rẹ̀ lé ní £3.2 mílíọ̀nù. Àwọn agbófinró Manhattan rí i lẹ́yìn náà pé irọ́ ni ìtàn tí wọ́n kọ nípa ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023 wọ́n dá a padà fún Gíríìsì.

Bí ẹ bá fẹ́ ra owó àtijọ́ ti Róòmù tàbí Gíríìsì, ẹ béèrè ìwé gbàǹjo àtijọ́ tó ní fọ́tò owó náà, pàápàá èyí tó ti wà ṣáájú 1970, ọdún tí UNESCO ṣe àdéhùn lórí kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kọjá ààlà. Ẹ wá gbé fọ́tò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó. Ọwọ́ ni wọ́n fi rọ owó ayé ọjọ́un, etí ẹyọ kan kì í bá ti èkejì mu. Ẹ wo ibi tó ya létí, ibi tí àwòrán ti yẹ̀ kúrò láàárín, àti ojú ọgbẹ́ ara rẹ̀. Bí ìkan kò bá dọ́gba, kì í ṣe owó inú fọ́tò náà.

Mo fẹ́ pe owó ní gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èló ni máa san gan-an?

Ó máa ju iye tí wọ́n lu òòlù lé lọ, ìyẹn iye tó gbẹ̀yìn tí wọ́n pè. Ilé gbàǹjo máa ń bu tirẹ̀ lé e, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 25 lọ́pọ̀ ibi. Bí òòlù bá dún ní $1,000, tí tiwọn sì jẹ́ ìdá 20, $1,200 lẹ máa san, kí ẹ tó dé orí owó ìfiránṣẹ́, ìbánigbófò àti owó aṣọ́bodè. Torí náà, ẹ ti ẹ̀yìn ṣírò: ẹ pinnu gbogbo owó tẹ́ ẹ lè san, ẹ yọ owó ìfiránṣẹ́ àti aṣọ́bodè, kí ẹ wá fi 1.2 pín ìyókù. Ohun tó bá kù ni kí ẹ má pè kọjá. Ẹ ka òfin ilé gbàǹjo náà kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn kì í gba owó tó ti wà nínú ike àyẹ̀wò padà.

Ike àyẹ̀wò wo nìyẹn?

Ilé iṣẹ́ bíi PCGS àti NGC máa ń yẹ owó wò, wọ́n á fún un ní máàkì láti 1 dé 70, wọ́n á sì dì í pa sínú ike tó ní nọ́ńbà. MS65 ni máàkì owó Farouk (MS túmọ̀ sí owó tí wọn kò tíì ná). Wọ́n máa ń ṣe ayédèrú ike náà pẹ̀lú, nítorí náà ẹ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ ọ̀hún, kí ẹ fi fọ́tò ibẹ̀ wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín.

Mo rí owó 1933 yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní owó táṣẹ́rẹ́.

Àdàkọ ni. Òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n tẹ COPY sára irú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń họ ọ́ kúrò.

Fún double eagle ọdún mìíràn, àyẹ̀wò yìí wúlò nílé. Ẹ wá òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Ẹ kọ́kọ́ wọn owó náà ní gbígbẹ. Ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ 33.44. Ẹ gbé kọ́ọ̀pù omi sórí òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so owó náà, ẹ rì í sínú omi láìjẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù. Òṣùwọ̀n yẹ kó ka nǹkan bí 1.94. Bí idẹ tí wọ́n fi omi wúrà bò bá wọn 33.44, ó máa ka nǹkan bíi 4, torí ó ní láti tóbi tàbí kó nípọn jù kó tó wọn bẹ́ẹ̀. Èyí kò tó láti fi dájọ́ owó ńlá, ṣùgbọ́n ó máa ń tú ọ̀pọ̀ ayédèrú fó.

Owó oníhò ìyá àgbà mi ńkọ́? Orúkọ Edward Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ló wà lára rẹ̀, mo sì gbọ́ pé owó rẹ̀ pa £1 mílíọ̀nù.

Èyí tó pa £1 mílíọ̀nù ní 2020 ni sovereign wúrà tí wọ́n rọ fún Edward Kẹjọ láti fi dánra wò ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò jáde síta, torí ọba náà fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1936. Àmọ́ ti British West Africa ti jáde ní 1936 náà: onínì, eépìnnì àti kọ́bọ̀ oníhò. Orúkọ rẹ̀ wà yí ká lójú tí adé wà, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà wà lójú kejì. Lẹ́tà kékeré H tàbí KN túmọ̀ sí pé Birmingham ni wọ́n ti rọ ọ́. Èyí tí kò ní lẹ́tà wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n pọ̀ gan-an, èyí tó ti wọ̀ kì í pa ju pọ́n-ùn díẹ̀ lọ. Ẹ wo sísì àti ṣílè dáadáa pẹ̀lú: ti 1913 sí 1919 jẹ́ fàdákà, láti 1920 ni idẹ ti ń gba ipò rẹ̀.

Ṣé kí n fọ̀ ọ́ kó lè dán?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́, eérú àti ọṣẹ ìfọyín máa ń họ ojú owó, ẹni tó mọṣẹ́ sì máa rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Owó tí wọ́n ti fọ̀ máa ń pàdánù ọ̀pọ̀ nínú iye rẹ̀, kò sì sí àtúnṣe. Etí ni kí ẹ máa fi ìka mú. Ẹ má kó o sínú ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bí aṣọ òjò tuntun, torí ó máa ń fi ohun aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ sára owó. Àpò ìwé gbígbẹ dára jù ú lọ.

Ẹnì kan lórí WhatsApp fẹ́ ra tèmi ní mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n ó ní kí n san owó ìforúkọsílẹ̀.

Olè ni. Ilé gbàǹjo gidi ń yọ tirẹ̀ lára owó tí wọ́n bá tà á. Ẹ ya fọ́tò ojú méjèèjì àti etí rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, láìlo iná fóònù. Ẹ kọ bó ṣe wúwo àti fífẹ̀ rẹ̀ sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé gbàǹjo méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí owó náà kúrò lọ́wọ́ yín títí wọ́n á fi kọ ìwé àdéhùn tó sọ iye tí wọ́n máa yọ, iye tó kéré jù lọ tí wọ́n lè tà á, ẹni tó máa san án bó bá sọnù lọ́nà, àti ọjọ́ tí owó yín máa wọlé.