Ṣé Ohun Afẹ́ Ni Kí Adójútòfò Ìlera Sanwó Fún Ẹni Tó Ń Wá Ọmọ?

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Maryland ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. A ti jẹun tán, wọ́n ti ń há ike àti aṣọ ìnura fún àlejò, nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wà ní tábìlì la ẹnu. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn kan ń rọ àwọn aṣòfin ní Washington kí wọ́n fi òfin mú gbogbo ètò adójútòfò ìlera láti máa sanwó IVF, ìyẹn ìtọ́jú tí dókítà fi ń pa ẹyin obìnrin pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkùnrin níta ara, kó tó gbé ọlẹ̀ tó bá jáde níbẹ̀ sínú ilé-ọmọ. "Ọmọ kì í ṣe àìsàn," ló wí. "Ẹni tó bá ń wá ọmọ, kó gbàdúrà. Bó bá jẹ́ ti òyìnbó ló fẹ́ ṣe, kó fi owó ara rẹ̀ ṣe é. Èmi tí mo ti bí tèmi tán, kí ló kàn mí nínú owó ọmọ ẹlòmíràn?"

Àwọn kan mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò mi obìnrin kan wà níbẹ̀, ó ń lọ sí ọdún kọkànlá tó ti wọlé ọkọ, kò tíì gbọ́ igbe ọmọ. Aṣọ ẹbí ọjọ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀. Abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ló ń wò títí ọ̀rọ̀ náà fi kọjá. N kò fèsì lọ́jọ́ yẹn, nítorí bí mo bá fèsì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ojú gbogbo wọn máa yí sí. Èsì mi nìyí.

Òótọ́ ni pé ọmọ kì í ṣe àìsàn. Ohun tó ń dí ọmọ lọ́nà ni àìsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ka àìrọ́mọbí sí àrùn àwọn ẹ̀yà ara ìbímọ: kí tọkọtaya máa bá ara wọn lò fún oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìlo ìfètòsọ́mọbíbí, kí oyún má sì dúró. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, AMA, náà fọwọ́ sí i lọ́dún 2017 pé àrùn ni. Lọ́dún 2023, WHO kéde pé nínú àgbàlagbà mẹ́fà, ó tó ẹnì kan tí irú ìṣòro yìí máa ń bá fínra nígbà kan láyé rẹ̀. Tábìlì tiwa lọ́jọ́ náà gba ènìyàn mẹ́jọ.

Ó lè jẹ́ pé àkóràn ti dí túùbù tí ẹyin obìnrin ń gbà dé ilé-ọmọ. Ó lè jẹ́ ìju, tí àwọn dókítà ń pè ní fáíbírọ́ọ̀dù, tó sì ń dààmú àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú ju àwọn yòókù lọ. Ó lè jẹ́ ẹyin tí kì í jáde lóṣooṣù bó ṣe yẹ, tàbí oògùn jẹjẹrẹ tí ènìyàn lò nígbà èwe. Láàárín àwọn tọkọtaya tó ń wá ọmọ, ó tó bí ìdajì tó jẹ́ pé ìṣòro wà lára ọkùnrin, bóyá lára rẹ̀ nìkan, bóyá lára àwọn méjèèjì: àtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó, tàbí kò lágbára láti rìn. Síbẹ̀ obìnrin nìkan là ń kó lọ sórí òkè àdúrà, obìnrin nìkan là ń fún ní àgbo. Mo mọ ọkọ tí kò gbà kí wọ́n yẹ òun wò fún ọdún márùn-ún gbáko, ìyàwó rẹ̀ sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ méjì kí àsìkò náà tó pé.

Ohun kan wà tó máa ń bí mi nínú gan-an. Bí oyún bá dúró sínú túùbù dípò ilé-ọmọ, ẹ̀mí obìnrin náà wà nínú ewu, adójútòfò rẹ̀ á sì sanwó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gé túùbù náà kúrò. Kò sẹ́ni tó máa pe ìyẹn ní afẹ́. Bí túùbù kejì bá tún bàjẹ́, wọ́n á tún sanwó. Àmọ́ lọ́jọ́ tí obìnrin kan náà bá padà wá pé ọ̀nà méjèèjì ti lọ, IVF nìkan ló kù tí òun lè fi lóyún, ọjọ́ náà ni wọ́n máa sọ fún un pé kò pọn dandan. Ara kan náà ni. Àrùn kan náà ni.

Ní ti pé IVF jẹ́ ti òyìnbó, ìlú Oldham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí ọmọ àkọ́kọ́ nípasẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1978. Ṣùgbọ́n ní 1989, ní LUTH, ilé ìwòsàn yunifásítì l'Ékòó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashiru ti ṣe é, ọmọ sì ti dé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti di ti àwa náà.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí pẹ́ díẹ̀ ni "kí ló kàn mí". Gbogbo wa mọ bí owó ẹgbẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á máa dáwó, ẹni tí nǹkan bá ṣe ni wọ́n máa gbé e fún. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "òbí tèmi kò kú, ẹ dá owó mi padà." Bí adójútòfò ṣe rí gan-an nìyẹn. Owó àyẹ̀wò oyún, owó ìgbẹ̀bí, owó iṣẹ́ abẹ ìbímọ, gbogbo rẹ̀ wà nínú ohun tí ètò adójútòfò àwọn òṣìṣẹ́ ń san ní Amẹ́ríkà. Bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún ń dá sí i. Àbúrò mi náà ń dá sí i, wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá yìí. Òun ló ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá owó ìgbẹ̀bí, òun ló tún ń ra aṣọ ẹbí ọjọ́ ìkómọ wọn. Nígbà tó wá kàn án, a ní kó lọ fi owó ara rẹ̀ ṣe é. Ẹ̀gbọ́n wa rò pé òun ni wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ. Èyí tó ti ń dáwó tí kì í sì í gbà ni mo rí.

Èló gan-an ni à ń wí? IVF ẹ̀ẹ̀kan ní Amẹ́ríkà máa ń ju $12,000 lọ, láìtíì ka oògùn mọ́ ọn, ẹ̀ẹ̀kan kì í sì í tó ọ̀pọ̀ ènìyàn. Owó tó lè fọ́ ilé ni fún tọkọtaya kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá pín in, ọ̀rọ̀ yí padà. Kí ìpínlẹ̀ New York tó fi IVF sínú òfin rẹ̀, àwọn alábòójútó adójútòfò níbẹ̀ ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2019, wọ́n rí i pé owó tí oníkálùkù ń san lè fi ìdá 0.5 sí 1.1 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Bí owó adójútòfò ìdílé kan bá jẹ́ $2,000 lóṣù, ẹ̀kún rẹ̀ kò ju $10 sí $22 lọ. Òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020: ètò àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó lé ní òṣìṣẹ́ 100 gbọ́dọ̀ sanwó IVF ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹ tún gbọ́ èyí, nítorí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Àìsanwó náà ní owó tirẹ̀. Ẹni tó ta mọ́tò, tó yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni agbára òun gbé. Ó máa bẹ dókítà pé kó kó ọlẹ̀ méjì, mẹ́ta, sínú òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bóyá ọ̀kan á dúró. Nígbà mìíràn gbogbo wọn á dúró. Mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í sá fún ìbejì. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń bí wọn tó ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìbẹta máa ń tètè bọ́ kí oṣù wọn tó pé, wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nínú yàrá ìtọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, òmíràn á sì gbé àìlera rẹ̀ dàgbà. Ta ló ń sanwó yàrá náà? Adójútòfò kan náà tó ní òun kò ní san owó IVF.

Ìwádìí kan jáde lórí èyí nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine lọ́dún 2002. Ìpínlẹ̀ mẹ́ta tí òfin wọn gbé owó IVF pátápátá nígbà náà ni Massachusetts, Illinois àti Rhode Island. Àwọn tó ń lo IVF níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn ìpínlẹ̀ tí kò ní òfin kankan. N kò ní fi ìyẹn pamọ́: òfin ń mú kí ènìyàn púpọ̀ sí i wá, torí pé tẹ́lẹ̀ owó ló ń lé wọn padà sílé. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni àwọn dókítà ti ń fi ọlẹ̀ díẹ̀ sínú obìnrin lẹ́ẹ̀kan, oyún ìbẹta sì dín kù. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè padà wá lóṣù mìíràn kì í kánjú.

Òfin Maryland tiwa ti wà láti 1985, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó dárúkọ IVF. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n wa ti máa dá sí owó náà láti ọjọ́ tó ti dé ìlú yìí, kò kàn mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ òfin tàn yín jẹ, torí ìgbàgbọ́ òdì kejì nìyẹn: pé bí ìpínlẹ̀ bá ti ní òfin, gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ti bọ́. Maryland yọ àwọn ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn kò ju 50 lọ sílẹ̀. Ní Texas, níbi tí àwọn ará wa pọ̀ sí ní Houston, òfin 1987 kàn ní kí adójútòfò gbé IVF síwájú agbanisíṣẹ́ ni. Agbanisíṣẹ́ lè ní òun kò rà á, ọ̀rọ̀ parí. California ní irú òfin "ẹ gbé e síwájú wọn" bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, IVF kò tiẹ̀ sí nínú rẹ̀. Ní 2024 ni gómìnà tó fọwọ́ sí òfin tó sọ ọ́ di dandan fún ètò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá.

Èyí tó burú jù ni ERISA, òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní 1974. Ilé-iṣẹ́ kan lè lọ ra ètò lọ́wọ́ adójútòfò fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ de irú ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ń ya owó tirẹ̀ sọ́tọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń san owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́, ó kàn háyà adójútòfò láti máa bá a ṣètò ìwé ni. Orúkọ adójútòfò ló wà lára káàdì, òṣìṣẹ́ kò lè mọ ìyàtọ̀. ERISA kò jẹ́ kí òfin ìpínlẹ̀ kan irú èyí, ó sì lé ní ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba adójútòfò níbi iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń lọ sí Washington. Annapolis, olú-ìlú Maryland níbi tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wà, kò lè dé ibẹ̀.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín: ṣé fully insured (èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ adójútòfò) ni ètò yìí àbí self-funded (èyí tí ilé-iṣẹ́ ń fi owó ara rẹ̀ san)? Kí ẹ gba èsì náà ní àkọsílẹ̀. Bó bá jẹ́ self-funded, agbanisíṣẹ́ yín lè fi IVF kún un bó bá wù ú, kò sí òfin tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn tó wà nílé: nínú ìlànà àtijọ́ ti NHIS, ètò adójútòfò ìlera ìjọba Nàìjíríà, wọ́n kọ IVF sára àwọn ohun tí ètò náà kò ní sanwó fún rárá. Òfin ọdún 2022 tó fi àjọ NHIA rọ́pò NHIS ti wá sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Bí gbogbo wa bá máa dáwó, ó yẹ kí ẹni tó ń wá ọmọ béèrè ohun tó wà níbẹ̀ fún òun.

Àbúrò mi ní kí n kọ tòun, kí n má ṣe dárúkọ òun. Self-funded ni tiwọn. Lẹ́yìn tí dókítà ti kọ ọjọ́ ìtọ́jú fún un ló tó mọ̀, nígbà tí lẹ́tà dé pé wọn kò ní san. Òun àti àwọn mẹ́rin níbi iṣẹ́ rẹ̀, ọkùnrin méjì wà nínú wọn, ti kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà wọn láti oṣù Kẹta pé kí wọ́n fi kún ètò náà. Wọn kò tíì rí èsì. Ó máa pé ọdún 39 lóṣù Kẹwàá.