Kí ẹ tó ra típà àlòkù fún iṣẹ́ oko, ẹ wo ohun tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúró

Láàárín oṣù méjì, olóko mẹ́ta ló ti pè mí lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n ti ra típà àlòkù, wọ́n ti sanwó tán, ọkọ̀ ti dé oko, ìgbà yẹn ni wọ́n tó rántí pé mẹkáníìkì wà láyé. Ẹni tó pè kẹ́yìn ni bàbá kan tó ń dá oko ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún bíi tuntun. Epo kan ló kàn ń kán díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ wá bá mi wò ó." Mo bi wọ́n pé ta ló ti ń wo ibẹ̀ kí n tó dé. Wọ́n ní dírẹ́bà àwọn ni, pé ó ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, àti àárọ̀ ló sì ti wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é jáde ná. Ọ̀rọ̀ yòókù lè dúró."

Ìpè yẹn ló mú mi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

N kò ní í pẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì, torí òun nìkan ni gbogbo yín ń wò. Ẹ fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó tan án lójú yín. Tó bá ti gbóná, ẹni tó fẹ́ tà á ti jí i sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, nítorí pé kì í tètè jí láàárọ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí. Tí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ bí ìkòkò àmàlà, ẹ máa lọ sílé. Tí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ẹ máa lọ sílé. Ní ti táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni. Táyà lè dán bí bàtà ọjọ́ ọdún kó sì ti gbó nínú. Ní ti ìwé ọkọ̀, ẹ fi han agbẹjọ́rò. Àwọn kan á sọ fún yín pé láti Kútọnu làwọn ti gbé e wá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, gba ojú ọ̀nà ilẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé lójú ọ̀nà ilẹ̀, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì lè bọ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá dá a dúró.

Olóko tó bá bi mí pé èwo ni kóun rà, Mercedes 911 onímú gígùn ni mo máa ń sọ. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ wa, kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú, ẹ sì máa rí pààtì rẹ̀ ní Gate nílùú Ìbàdàn láìwá a jìnnà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé nọ́ńbà ara rẹ̀ ní ìtumọ̀. 9 dúró fún tọ́ọ̀nù 9, ìyẹn ọkọ̀ àti ẹrù pa pọ̀. 11 dúró fún agbára ẹṣin 110. Ẹ yọ ìwọ̀n ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ yọ bọ́kẹ́ẹ̀tì irin kúrò, ohun tó kù fún ẹrù kò ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 5 lọ. Àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, bí yanrìn tútù bá kún inú rẹ̀, ó súnmọ́ tọ́ọ̀nù 2. Àpótí bẹ́ẹ̀ kò tó mẹ́ta tí 911 fi ti gba ìwọ̀nba tirẹ̀. Ṣùgbọ́n olóko á kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kó lè kó ẹ̀gẹ́ púpọ̀, kò burú, torí ẹ̀gẹ́ kò wúwo tó yanrìn. Lọ́jọ́ tó bá wá fẹ́ mọlé, á fi pákó yẹn sílẹ̀, á sì rọ yanrìn tútù dé etí pákó. Ọjọ́ yẹn ni ṣásì, irin gbọọrọ tó gbé gbogbo ara ọkọ̀, ń sán.

Bí ṣásì bá sán, jórinjórin ẹ̀bá ọ̀nà á ní òun máa jó o pọ̀, kò ní í ju wákàtí kan lọ. Mo ti rí ṣásì tí wọ́n jó nígbà mẹ́fà lójú kan ṣoṣo. Iná tí wọ́n fi ń jó o máa ń sọ irin tó yí ibẹ̀ ká di aláìlágbára, ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó náà ló sì máa ń tún sán. Ẹ fi wáyà gbọ̀n ọ̀dà kúrò níbi tí síprínǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ṣásì, kẹ́ ẹ sì wo ibẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má ha ọ̀dà òun mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí bọ́kẹ́ẹ̀tì, torí òun ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé.

Pọ́ǹpù kan wà lára gíábọ́ọ̀sì. Bí dírẹ́bà bá fa lífà rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á máa ti epo, kì í ṣe epo tí ẹ́ńjìnnì ń jó o, gba inú hóòsì lọ sínú jáàkì tó wà lábẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, jáàkì á sì máa yọ jáde bí orí ìjàpá, á máa ti bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè. Epo kò ṣeé fún kéré, ìdí nìyẹn tó fi lè gbé ẹrù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀. Ó dáa. Nígbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà lókè, tí wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì, kí ló dì í mú? Kò sí irin kankan tó dì í mú. Epo ló dì í mú, hóòsì tí kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ ló sì di epo náà mú. Táyà ọkọ̀ ńlá, nǹkan bí 100 ni fọkanáísà ń fẹ́ ẹ dé lójú aago rẹ̀, ẹ sì mọ bó ṣe ń rí tó bá bẹ́. Epo inú hóòsì típà tó gbé ẹrù lè kọjá 2,000 lójú aago kan náà. Síbẹ̀, mo ń rí àwọn tó ń fi awẹ́ túúbù wé hóòsì tó ń jò, tí wọ́n fi wáyà àti kílíìpù dì í, tí wọ́n sì gbowó iṣẹ́ lórí ẹ̀. Ìwà apànìyàn ni, ẹni tó bá ṣe é fún yín kì í ṣe mẹkáníìkì.

Ẹ má sì fi ọwọ́ wá ibi tí hóòsì ti ń jò nígbà tí agbára wà nínú rẹ̀. Epo tó ń gba ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ jáde lè gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ náà kì í jọ nǹkan, ṣùgbọ́n ó lè mú kí wọ́n gé ìka tàbí ọwọ́ tí ẹ kò bá tètè dé ilé ìwòsàn. Ẹ na páálí síbẹ̀, epo ló máa fi ibẹ̀ hàn yín lára páálí.

Lọ́dún 1999, mo ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹni tó ṣáájú mi níṣọ́ọ̀bù, ọmọ ọdún 22, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi etí mọ bíárìn tó ti ń jẹ. Wọ́n gbé típà kan wá, kò sí ẹrù nínú rẹ̀. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sókè, ó mú ìbọn gírísì, ó wọlé sáàárín ṣásì láti fún gírísì sí kúrọ́ọ̀sì ṣáàfù. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. A gbọ́ ìró kan, pà, bí ìgbà tí wọ́n bá gbá aṣọ tútù mọ́ òkúta. Kí n tó yíjú tán, bọ́kẹ́ẹ̀tì ti balẹ̀. Ọ̀gá wa fò wọ inú ọkọ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó fa lífà kí bọ́kẹ́ẹ̀tì lè gbéra. Epo ń tú dà sílẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì kò sì mira. Ohun tí à bá fi gbé e ni ohun tó já. A sáré yá jáàkì káàkiri, nígbà tí a ó fi gbé e kúrò, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé ọkọ̀ náà ń mu ẹ̀jẹ̀. Olówó ọkọ̀ ra ajá, ó mú àwọn èèyàn wá, wọ́n ṣe ètùtù nídìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo hóòsì. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo mú ayùn irin, mo là á. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún látẹ̀yìn, ó ń dán. Nínú róbà, wáyà tó yẹ kó le koko ti dípẹtà. Mo fi ìka méjì rún un, ó di lẹ́búlẹ́bú pupa sí mi lọ́wọ́.

N kò bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí, mo mọ Ògún láti ilé. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ tó bí mi kì í fi ọwọ́ lásán mú irin gbígbóná kó ní Ògún á gba òun. Ẹ̀mú ló fi ń mú un. Ẹ̀mú ti típà ni irin ìgbéró, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa.

Irin gbọọrọ tó nípọn ni, tí wọ́n so orí rẹ̀ kan mọ́ ṣásì débi tó fi lè ṣí sókè bí ilẹ̀kùn. Tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti gòkè, ẹ gbé irin náà dìde, kí orí kejì wọ inú àyè tí wọ́n ṣe fún un lábẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wá rọra sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ títí tó fi jókòó lé e. Láti ìgbà yẹn, irin ló gbé e, kì í ṣe epo mọ́. Ìgbà tí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ṣófo nìkan ni irin yìí wà fún. Tí ẹrù bá wà nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kó o kúrò, bó tilẹ̀ gba odindi ọjọ́ kan.

Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí bóyá igi kò lè ṣe é. Kò lè ṣe é, ìdí rẹ̀ sì rèé. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti so bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ọkọ̀, nítorí náà tó bá ń bọ̀ nílẹ̀, kì í wá tààrà bí ọmọ odó, ńṣe ló ń yí wá bí ìdérí àpótí. Igi tí ẹ fi dúró ṣánṣán, yíyí yẹn á tì í ṣubú kó tó gbé nǹkan kan. Bíi ti igi ni búlọ́ọ̀kù, tí jáàkì mọ́tò kékeré kò sì yàtọ̀. Mo ti ṣàlàyé èyí fún àwọn tó kàwé jù mí lọ, wọ́n sì tún lọ gé igi àfàrà wá.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ wo ọkọ̀, ẹ mú ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì dání. Ẹ ní kí wọ́n rọ ẹrù sí i, ẹrù gidi. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, torí bí ẹsẹ̀ kan bá wọlẹ̀ ju èkejì lọ, tí amọ̀ tútù sì lẹ̀ mọ́ òkè bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ náà lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ wo òkè bóyá wáyà iná wà níbẹ̀. Kí wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ìdajì, kí wọ́n fi lífà sí àyè ìdúró, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọ̀pá gígùn tí ẹ so ṣọ́ọ̀kì mọ́ lórí sàmì sí ara jáàkì níbi tó ti ń yọ jáde. Ẹ lọ jókòó síbi tó jìnnà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí àmì yẹn bá ti wọlé lọ nígbà tí ẹ padà dé, epo ń sá níbì kan. Ẹni tó tà á á ní gbogbo típà àgbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Èyí tí mo bá tún ṣe kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Tí jáàkì bá yege, tí ẹ sì sanwó, ẹ pààrọ̀ gbogbo hóòsì rẹ̀ kó tó ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, ì báà máa dán bíi dígí. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ orí irin mọ́ ọn, kó má jẹ́ kílíìpù. Kí dírẹ́bà sì máa yọ lífà pọ́ǹpù kúrò kó tó ṣí ọkọ̀, kí bọ́kẹ́ẹ̀tì má baà máa gòkè lójú títì láìmọ̀.

Mo dé oko bàbá náà lọ́jọ́ kejì. Túúbù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi wé hóòsì, ìlọ́po mẹ́rin. N kò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Mo wọn ìgùn ibi tí irin ìgbéró máa dé, mo fún jórinjórin kan tí mo fọkàn tán níṣẹ́, lọ́jọ́ Sátidé a gbé e lọ, a so ó mọ́ ṣásì, mo fi ọ̀dà pupa kùn ún kí ojú lè máa rí i láti òkèèrè. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó bọ́ hóòsì. Dírẹ́bà náà, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé irin náà dìde lẹ́ẹ̀mẹta lójú mi, tó sì sọ bọ́kẹ́ẹ̀tì lé e, kí n tó kó irinṣẹ́ mi sínú ọkọ̀.