Bí àyẹ̀wò ẹ̀yìn ojú ṣe lè tú àṣírí àrùn iyè rírà

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà ní ẹ̀yìn ojú, tí àwọn dókítà ń pè ní retina, òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ọmọlójú wọlé. Ara ọpọlọ gan-an ni awọ yìí ti jáde wá. Nígbà tí oyún bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, iwájú ọpọlọ ọlẹ̀ náà máa ń yọ síta lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ibi tó yọ yẹn ló ń di retina. Okùn tó so ó mọ́ ọpọlọ ní fọ́nrán tó lé ní mílíọ̀nù kan. Nítorí náà, ohun tó bá ń ba sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ jẹ́ lè má yọ sẹ́ẹ̀lì retina sílẹ̀, ṣùgbọ́n egungun agbárí ló bo ti ọpọlọ mọ́lẹ̀, nígbà tí ti retina ṣeé wò láti ọmọlójú láìfi abẹ kan ara.

Àǹfààní ńlá lèyí jẹ́, nítorí àrùn iyè rírà, tí àwọn dókítà ń pè ní dementia, kì í tètè fi ara hàn. Bí ìyá kan tó ti ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún oníbàárà ní ṣéńjì tó ju owó tí oníbàárà san lọ, tó ń bi ọmọ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó jẹun tán, tí ọ̀nà ilé ara rẹ̀ sì ń rú u lójú, àwọn ará àdúgbò á ní màmá ti ń ṣarán. Àwọn mìíràn á ní àjẹ́ ló ń jẹ́wọ́, ìwà ìkà gbáà sì nìyẹn, nítorí aláìsàn ni ìyá náà, àìsàn rẹ̀ sì ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Nínú irú àrùn yìí tó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n fi orúkọ Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1906, pè, purotéènì méjì, amyloid àti tau, ló máa ń kóra jọ sínú ọpọlọ fún ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún kí ìgbàgbé tó hàn. Ẹ̀rọ PET, tó ń ya àwòrán inú ọpọlọ, lè fi wọ́n hàn, omi tí wọ́n bá fà láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn náà sì lè fi wọ́n hàn, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ gbówó lórí púpọ̀, ti èkejì sì ń ba aláìsàn lẹ́rù.

Àyẹ̀wò ojú kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Aláìsàn á jókòó síwájú ẹ̀rọ, á gbé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ lé ibi tí wọ́n ṣe fún un, á fi iwájú orí ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á wá tẹjú mọ́ iná kékeré tó wà nínú ẹ̀rọ náà. Nígbà mìíràn wọ́n á kọ́kọ́ kán oògùn sí i lójú kí ọmọlójú lè fẹ̀. Ojú á máa ṣe bàìbàì fún wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí ẹnì kan tẹ̀ lé e wá. Àwòrán méjì ni wọ́n sábà máa ń yà. Ọ̀kan jẹ́ fọ́tò, níbi tí retina ti ń hàn ní pupa rúsúrúsú, tí ojú ibi tí okùn ojú ti wọlé mọ́ ju ìyókù lọ, tí òpójẹ̀ sì ń ya ẹ̀ka láti ibẹ̀. Èkejì ni OCT, tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1991. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún ṣe ń rán ìró wọlé tó sì ń gba èyí tó bá padà, bẹ́ẹ̀ ni OCT ń rán ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí. Ìmọ́lẹ̀ tó kan ìpele òkè ń tètè padà ju èyí tó kan ìpele ìsàlẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà á sì fi ìyàtọ̀ yẹn wọn bí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó. Retina fúnra rẹ̀ kò nípọn tó ìdajì mìlímítà, síbẹ̀ gbogbo ìpele rẹ̀ ló máa ń hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iṣẹ́ náà kì í sì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n ń wá ni ìpele fọ́nrán tó ń gbé ohun tí ojú rí lọ sí ọpọlọ, àti ìpele àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ni fọ́nrán náà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń kú, ìpele á máa fẹ́lẹ́ sí i. Ní 2018, ìwádìí kan ní Rotterdam, ní Netherlands, fi hàn pé àwọn tí ìpele fọ́nrán wọn fẹ́lẹ́ ni àrùn iyè rírà máa ń mú lẹ́yìn náà ju àwọn tí tiwọn nípọn lọ. Wọ́n tún ń wo òpójẹ̀, bóyá ó ti tín-ín-rín tàbí ó ti lọ́, nítorí òpójẹ̀ ojú àti ti ọpọlọ jọra. Ìyàtọ̀ wọ̀nyí kéré púpọ̀ fún ojú dókítà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó àwòrán rẹpẹtẹ fún kọ̀ǹpútà láti fi kọ́ṣẹ́. Ní London, iṣẹ́ ìwádìí AlzEye so àkọsílẹ̀ ojú àwọn tó lé ní 350,000 tó gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ojú Moorfields pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ àìsàn tó ṣe wọ́n lẹ́yìn náà.

Ṣùgbọ́n ojú àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwòrán tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ́ṣẹ́, ibí yìí gan-an ló sì ti kan àwa Yorùbá. Glaucoma, àrùn tó ń ba okùn ojú jẹ́, náà máa ń mú kí ìpele fọ́nrán fẹ́lẹ́, ó sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa: ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà rí i lára nǹkan bí 5 nínú 100 àwọn tó ti pé 40 ọdún. Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ń ba òpójẹ̀ ojú jẹ́, cataract, ìyẹn kí inú ẹyinjú ṣe kùrukùru, sì lè dí àwòrán lọ́wọ́ pátápátá. Kọ̀ǹpútà tí kò mọ ìwọ̀nyí yàtọ̀ síra lè pe ẹni tó ní glaucoma ní oníyè rírà.

Ìṣirò mìíràn tún wà níbẹ̀. Ìwádìí tí àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà jọ ṣe láti 1992 rí àrùn iyè rírà lára 2.29 nínú 100 àwọn àgbà tó ti pé 65 ọdún ní Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ 8.24 láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ní Indianapolis. Ká ní ẹ̀rọ kan máa ń sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, yálà lára aláìsàn tàbí lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Nínú 1,000 àgbà ní Ìdíkàn, á mú bí 21 nínú 23 tó ní àrùn náà, á sì tún ka bí 98 tí kò ní in mọ́ wọn. Ẹni tí ẹ̀rọ bá wí pé ó ní in níhìn-ín, ó ṣeé ṣe gan-an kí ó má ní in. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí àwòrán ojú nìkan gba ìṣàkóso owó tàbí ọjà lọ́wọ́ òbí rẹ̀.

Bí àwòrán bá mú ìfura wá, dókítà gbọ́dọ̀ dán iyè aláìsàn wò ní èdè tó gbọ́, kó bi ìbátan tó ń bá a gbé ní ìbéèrè, kó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí àìtó Fítámì B12, àìsàn thyroid (ẹṣẹ́ tó wà ní ọrùn), ìbànújẹ́ ọkàn àti oògùn kan tó ń lò lè fa ìgbàgbé tó ṣeé tọ́jú. Oògùn tuntun fún irú ti Alzheimer, bíi lecanemab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí pátápátá ní 2023, kò wà fún ẹni tí àrùn náà ti wọ̀ lára. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń lò ó fún.

Nígbà tí ẹ̀rọ ìwádìí wọ̀nyí ṣì ń dàgbà, mímú bàbá tàbí màmá lọ sí ẹ̀ka ojú ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti lérè lọ́nà mìíràn. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀, ní 2024, ka àìtọ́jú ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ ohun 14 tó ń dá kún àrùn iyè rírà, tí ènìyàn sì lè ṣe nǹkan sí. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2022 láti ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ewu àrùn náà lára àwọn àgbà tó ṣe iṣẹ́ abẹ cataract fi nǹkan bí 30 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí kò ṣe é.