Ẹ Fẹsẹ̀ Rin Àdúgbò Kí Ẹ Tó Ra Ilé Níbẹ̀

Ìdílé tó bá fẹ́ kó lọ sí ìlú tuntun, tó sì ń wá ilé rà ní ẹ̀bá ìlú, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sábà máa ń bi èmi tí mo ń bá wọn wá ilé: àdúgbò wo ló dáa láti tọ́mọ? Kí n tó la ẹnu, wọ́n á ti gbé fóònù sí mi lójú. Kíṣìnì rèé, iye yàrá rèé, ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe ń dán. Èmi náà á wá bi wọ́n léèrè pé: láti ẹnu ilẹ̀kùn yìí dé ilé ìwé, títì mélòó lọmọ yín máa sọdá? Ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Òrùlé tó ń jò ṣeé pààrọ̀, ògiri ṣeé wó, kíṣìnì tó há ṣeé fẹ̀. Títì tó wà níwájú ilé yín kò ṣeé gbé kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò lè fa ilé ìwé sún mọ́ ọ̀dọ̀ yín.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Donald Appleyard, onímọ̀ ìṣètò ìlú, ṣe ìwádìí lórí òpópónà mẹ́ta tí kò jìnnà síra ní San Francisco. Nǹkan bí 2,000 ọkọ̀ ló ń gba àkọ́kọ́ kọjá lójúmọ́, 8,000 ń gba èkejì, 16,000 sì ń gba ẹ̀kẹta. Àwọn tó ń gbé níbi tí ọkọ̀ ò ti pọ̀ ní ọ̀rẹ́ láàárín àwọn aládùúgbò wọn tó ìlọ́po mẹ́ta iye tí àwọn tó wà níbi tí ọkọ̀ ti pọ̀ jù ní. Ní òpópónà tó kún fún ọkọ̀ yẹn, àwọn èèyàn ti fà sẹ́yìn sínú ilé, títì ti di ọ̀nà àgbàkọjá lásán. Ohun tí mo ń rí lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ojú àwọn tó jókòó síta, tí wọ́n mọ ọmọ yín lórúkọ, ló máa bá yín ṣọ́ ọ ju fẹ́ǹsì gíga lọ.

Ẹ wo eré tí ọkọ̀ ń sá pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ bá kúrò lórí eré 30 kìlómítà ní wákàtí kan tó bọ́ sí 60, agbára tó máa fi kọ lu nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Òpópónà tó fẹ̀, tó sì tọ́ gbọnrangandan lè lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n eré ló ń mú awakọ̀ sá. Fún ọmọ kékeré, mo fẹ́ràn òpópónà tó dópin, tí ọkọ̀ ò lè gbà já. Àmọ́ ẹ wò ó bóyá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Bí kò bá sí, ilé ìwé tí ẹ ń wo òrùlé rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé lè di ìrìn kìlómítà méjì, ọkọ̀ lẹ ó sì máa fi gbé ọmọ lọ lójoojúmọ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwé, ẹ má gba ti ẹni tó ń ta ilé gbọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé ìwé ní ààlà agbègbè tó ti ń gba ọmọ, ààlà yẹn sì lè gba àárín òpópónà kan kọjá. Ẹ pe ilé ìwé fúnra rẹ̀, ẹ sọ nọ́ńbà ilé náà, kí ẹ sì béèrè bóyá àyè wà ní kíláàsì ọmọ yín.

Ìrìnàjò ibi iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ má fi máàpù wọn ọ́n. Ẹ gbéra ní wákàtí tí ẹ ó máa gbéra gan-an, lọ́jọ́ iṣẹ́, kí ẹ wọ ohun tí ẹ ó máa wọ̀. Ìṣẹ́jú 45 ní àlọ àti 45 ní àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 48: wákàtí 360 nìyẹn lọ́dún, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tọ̀sántòru. Àkókò tí ẹ̀yin àtọmọ ì bá fi wà pa pọ̀ nírọ̀lẹ́ ló ń bá a lọ.

Pápá gbalasa ẹ̀yìn ilé ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìdílé kan tí mo bá wá ilé ra ilé nítorí irú pápá bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ á máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kọ́ ilé ìkẹ́rù sí i, tírélà ń wọlé tọ̀sántòru. Ìwé ètò ilẹ̀ náà ti wà ní ọ́fíìsì ìṣètò ìlú tipẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè lọ wò ó, èmi ni mi ò lọ. Láti ìgbà yẹn, mi ò bá ẹnikẹ́ni ra ilé tó kángun sí ilẹ̀ òfìfo láìkọ́kọ́ dé ọ́fíìsì yẹn.

Lẹ́yìn òjò ńlá ni kí ẹ lọ wo ilẹ̀, kí ẹ sì wo ara ògiri àwọn aládùúgbò bóyá omi ti fi àmì sí i rí. Ẹ tún lọ lálẹ́ ọjọ́ ìsinmi, kí ẹ gbọ́ bí ariwo ṣe tó.

Bí agbára bá gbé e, ẹ kọ́kọ́ háyà ilé ládùúgbò náà fún oṣù mẹ́fà. Owó háyà yẹn kò ṣòfò. Kíkó kúrò nínú ilé tí ẹ ti rà ló ń gbówó.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ mú ọmọ yín lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sílé ìwé. Ẹ jẹ́ kó ṣíwájú, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé e. Ibi tó bá ti dúró tó bojú wẹ̀yìn wò yín, tí kò mọ bó ṣe máa sọdá, ẹ ṣàkíyèsí ibẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá padà lọ wo kíṣìnì.