Ẹ́ńjìnì bàálù kú lókè, kí ló ń gbé e délẹ̀?

Àwọn ọlọ́kadà Òṣogbo mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí epo bá fẹ́ tán, wọ́n á pa ẹ́ńjìnì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Fìà, ọ̀kadà á sì máa yí lọ fúnra rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bàálù kékeré, irú Cessna 172 tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Bó ṣe ga tó lójú ọ̀run ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tirẹ̀. Kò ní já bí òkúta. Á máa rà bàbà bí àṣá. Bó bá fi mítà 1 wá sílẹ̀, á ti lọ síwájú tó mítà 9. Ẹni tí ẹ́ńjìnì kú mọ́ lọ́wọ́ ní mítà 1,000 lè rìn tó kìlómítà 9, bí afẹ́fẹ́ kò bá dojú kọ ọ́. Àmọ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ péré ló ní, òun náà ló sì máa fi ké "Mayday", igbe ìrànlọ́wọ́ àwọn awakọ̀ bàálù, lẹ́ẹ̀mẹta lórí rédíò.

Ìyẹn là ń pè ní ìbalẹ̀ pàjáwìrì. Inú mi kì í dùn tí wọ́n bá ròyìn rẹ̀ pé "bàálù já", nígbà tí awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló darí rẹ̀ délẹ̀.

Ìgbà tó máa ń já lóòótọ́ nìyí: ilẹ̀ ń sún mọ́, àyà awakọ̀ já, ó fa imú bàálù sókè. Eré á dínkù, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé apá mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ wọn pé kí wọ́n tẹ imú sílẹ̀, kí eré má kúrò ní nǹkan bíi kìlómítà 120 ní wákàtí kan.

Epo tó tán tàbí omi inú epo lè pa ẹ́ńjìnì. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni yìnyín. Nínú ọ̀rinrin bíi ti oṣù Keje níbí, yìnyín lè dí kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnì, bí ooru ìta bá tiẹ̀ tó 25°C, torí epo tó ń di oru níbẹ̀ ń mú un tutù.

Ibo ló máa wá bà sí? Igi igbó Ọ̀ṣun kò ṣe é bà lé, oko ló kù. Èéfín ibi tí wọ́n ti ń dáná sungbó á fi ọ̀nà afẹ́fẹ́ hàn án, kó lè kọjú sí i. Bó bá jẹ́ oko gbáàgúdá, kó tẹ̀ lé gígùn ebè. Bó bá dábùú rẹ̀, táyà iwájú á há sí poro, bàálù á dojú dé. Kó tó kanlẹ̀, á ti pa epo àti iná, á sì ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, kó má baà há mọ́ wọn sínú.