Búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù kọ́ ló ń kun ojú ère dáadáa o

Ẹ wo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kun àwọn ère kéékèèké tí wọ́n fi ń ta géèmù orí tábìlì, àwọn ọmọ ogun Warhammer àti irú wọn, nǹkan tó máa kọ́kọ́ sáré lọ rà ni búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín jù ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Á rí èyí tí wọ́n kọ òdo mẹ́ta sí lára, á rí 10/0 tí irun ẹ̀ ò tó nǹkan kan, inú ẹ̀ á dùn, á ní èyí gan-an ló máa bá òun kun ẹyinjú. Ó kúkú bọ́gbọ́n mu létí: ère kékeré, ojú kékeré, búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, orí ara ẹ̀ ló sọ fún un. Àmọ́ irọ́ ni jàre. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn gan-an ló máa sọ iṣẹ́ ọ̀hún dogun mọ́ ọn lọ́wọ́, tójú ère bá wá bàjẹ́ tán á ní ọwọ́ òun ló ń gbọ̀n, pé òun ò lẹ́bùn ẹ̀.

Ère tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní 28mm, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹyinjú ẹ̀ ò tó mìlímítà kan. Ọ̀dà tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kùn ún, yálà Citadel tí Games Workshop ń ṣe ní Nottingham ni o, tàbí Vallejo tó wá láti Spéìn, ákírílíìkì olómi ni. Inú omi yẹn ni àwọ̀ wà pẹ̀lú ẹ̀rún plásítíìkì tíńtìntín tójú ò lè rí, bí omi bá ṣe ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ làwọn ẹ̀rún yẹn á máa sún mọ́ra wọn, wọ́n á lẹ̀ pọ̀ di awọ kan ṣoṣo, tó bá ti di awọ tán omi ò lè tú u mọ́. Ohun tó jẹ́ ká fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, torí kíá lẹ lè kun àwọ̀ mìíì lé e lórí. Ohun tó ń dá wa lóró náà nìyẹn. Ẹ̀kán tó kéré yára gbẹ ju ẹ̀kán ńlá lọ, torí gbogbo ara ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń bá, kò sí inú tó fẹ́ fi omi pa mọ́ sí. 10/0 ò sì lè gbé ju ẹ̀kán bíńtín lọ. Kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò lórí pálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwo tẹ́ ẹ ń po ọ̀dà lé, kẹ́ ẹ mí, kẹ́ ẹ fi ìgúnpá ti tábìlì, kẹ́ ẹ tó wá ojú ère rí, ọ̀dà ti gbẹ sẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi kàn án, nǹkan kan ò jáde. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i, ó jáde gbùù bíi kókó tó dì. Ẹ pa omi pọ̀ mọ́ ọn kó lè ṣàn, ó ṣàn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà ọyẹ́, tàbí tẹ́ ẹ bá jókòó sábẹ́ fáànù, ó tún ń burú sí i ni, àwọn èèyàn wa tó wà ní ìlú òyìnbó tí hítà ń fẹ́ lé lórí nígbà òtútù náà ò yọ ńbẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, ìkan ni ẹnu búrọ́ọ̀ṣì, ìkan ni ikùn ẹ̀. Ikùn ló ń gbé ọ̀dà, ẹnu ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, bẹ́ ẹ bá ṣe ń fi ẹnu fa ìlà ni ọ̀dà á máa sọ̀ kalẹ̀ láti ikùn wá díẹ̀díẹ̀, ẹnu ò sì ní tètè gbẹ. Èyí tí ò níkùn, kí ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé kéú ní kékeré, ẹ rántí kálàmù tí ààfáà fi ń kọ wàláà: igi ẹ̀ nípọn dáadáa, ẹnu tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ fún un ló ń jẹ́ kí ìkọ̀wé já gaara, tàdáwà tó sì fà mu ló ń gbé e dé ìparí ìlà. Búrọ́ọ̀ṣì nọ́ńbà 1 tàbí 2, tó tóbi ju olódo mẹ́ta lọ tó sì níkùn, tẹ́nu ẹ̀ bá ti mú, ìlà tó máa fà á tín-ín-rín bíi ti 000, á tún gùn jù ú lọ fíìfíì kẹ́ ẹ tó padà sí pálẹ́ẹ̀tì.

Lọ́dún 1866, Ọbabìnrin Victoria ní kí Winsor & Newton ní London bá òun ṣe búrọ́ọ̀ṣì tó dáa jù lọ fún ọ̀dà olómi, nọ́ńbà 7 ni sáìsì tó wu màmá náà. Ibẹ̀ ni Series 7 ti ṣẹ̀, òun lọ̀pọ̀ ẹni tó ń kun ère ṣì ń fowó ńlá rà títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Irun ìrù ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní kolinsky, tó ń gbé ní Siberia àti agbègbè ẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe é, irun yẹn fúnra ẹ̀ wú láàárín ó sì tín-ín-rín lẹ́nu. Wọ́n wá ní ẹ̀yà kan tí wọ́n kọ Miniature sí lára. Gbogbo ẹni tó ń kun ère ló máa ń kì í mọ́lẹ̀ pé tòun nìyí, àṣé irun èyí kúrú ju ti yòókù lọ, ọ̀dà tó lè gbà ò tó nǹkan. Wàhálà kan náà la tún fowó gidi rà.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà ara igi tàn yín. Kò sí òfin kan tó de àwọn tó ń ṣe é, nọ́ńbà 1 ti ẹnì kan lè tó nọ́ńbà 2 ti ẹlòmíì, Citadel ò tiẹ̀ lo nọ́ńbà, S, M, L ni wọ́n ń kọ bíi ti ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹnu ni kẹ́ ẹ wò. Tí oníṣọ́ọ̀bù bá gbà, ẹ rì í bọ omi, ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e sójú iná. Tí gbogbo irun bá kó ara wọn jọ di ṣóńṣó kan, ẹ sanwó; tó bá pín sí méjì, ẹ dá a padà, bó ti wù kó kéré tó. Ti náílọ́ọ̀nù ò burú, kò wọ́n, àmọ́ tó bá pẹ́ díẹ̀ ẹnu ẹ̀ á tẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká kun ojú kan. Ojú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kùn, kẹ́ ẹ tó kun awọ ara, torí ibi tọ́wọ́ bá ti yà, àwọ̀ ara lẹ máa fi bò ó. Ẹ lẹ ère mọ́ orí ìgò ọ̀dà kan tó ti tán kẹ́ ẹ lè rí nǹkan dì mú. Pálẹ́ẹ̀tì tútù lẹ máa lò, ẹ ò nílò láti rà á: ike pẹlẹbẹ kan, tíṣù tẹ́ ẹ rẹ sómi nísàlẹ̀, bébà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ kéèkì lórí ẹ̀, omi á máa gba inú bébà wá kí ọ̀dà má bàa gbẹ. Ẹ fi omi díẹ̀ là á, ẹ gbé e sí ikùn nọ́ńbà 1, ẹ nu díẹ̀ kúrò, ẹ yí ẹnu ẹ̀ lórí bébà kó lè ṣẹ́ ṣóńṣó. Ọrùn ọwọ́ méjèèjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fara ti ara wọn. Ọwọ́ gbogbo wa ló ń gbọ̀n, tí wọ́n bá so pọ̀ wọ́n á jọ gbọ̀n ni, ère àti búrọ́ọ̀ṣì ò ní kúrò lójú ara wọn. Kòtò ojú, ẹ fi búráùn tó ṣú kùn ún tán. Ẹ wá fa funfun lé e ní ìlà kékeré, kì í ṣe funfun báláú o, kí búráùn ṣì yọ yí i ká. Ó ku ẹyinjú: ìlà dúdú kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ má tò ó sílẹ̀ ní tóótó, tóótó ló ń jẹ́ kí ère máa ranjú mọ́ èèyàn.

Èrò búrọ́ọ̀ṣì kékeré yìí náà ló ń ba ìdí ère jẹ́, ìyẹn pẹpẹ róbótó tó dúró lé, 25mm tàbí 32mm. Èèyàn á fi gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò tẹ́ ẹ, á da iyanrìn lé e, ó dáa bẹ́ẹ̀, á wá mú 000 á máa kun iyanrìn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á mọ́ bá a níbẹ̀. Ta ló rán an? Tí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ, ẹ da búráùn olómi bò ó látòkè délẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá mú búrọ́ọ̀ṣì mékọ́ọ̀pù tó rí rogodo, ẹ fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù búráùn yẹn lọ kàn án, ẹ nù ún lára tíṣù títí tẹ́ ẹ fi máa rò pé kò sí nǹkan kan lára ẹ̀ mọ́, kẹ́ ẹ tó máa fi gbá orí iyanrìn fẹ́ẹ́rẹ́. Orí òkúta tó yọ nìkan ló máa gbà á, kòtò á ṣú bó ṣe wà. Ìṣẹ́jú péréte ni. Ẹ lẹ koríko àtọwọ́dá kan tàbí méjì mọ́ ọn, ẹ fi dúdú yí etí ẹ̀ ká, pẹpẹ lẹ máa yí o, kì í ṣe ọwọ́. Lójú tèmi, ìdí tó mọ́ tónítóní ń bo àṣìṣe orí ère tó ẹyinjú méjì, torí kò sẹ́ni tó ń gbé ère sí imú kó tó fi ta géèmù. Ọ̀dà ṣíṣàn bíi Nuln Oil náà, búrọ́ọ̀ṣì ńlá lẹ fi máa tú u sí ara ère, tẹ́ ẹ bá ń fi kékeré tọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, etí ẹ̀ á ti gbẹ kẹ́ ẹ tó dé òdì kejì, á fi àmì sílẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ ju 000 nù ṣá. Ibi tí ikùn búrọ́ọ̀ṣì ò lè wọ̀ láìfara kan ẹ̀gbẹ́ wà, bí abẹ́ fìlà, tàbí àlàfo ìbọn àti àyà, ibẹ̀ ló ti wúlò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà 1 tẹ́ ẹ fowó gidi rà yẹn ni kẹ́ ẹ tọ́jú: ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà gun orí dé ibi irin tó di irun mú, ẹ má fi orí ẹ̀ sùn sínú ife omi, tẹ́ ẹ bá ṣe tán ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi ìka yí ẹnu ẹ̀ padà sí ṣóńṣó. Èyí tí ọ̀dà bá ti gbẹ sí nídìí, irun ẹ̀ ti yà nìyẹn, ẹ máa fi tẹ́ gọ́ọ̀mù.